Ó gbà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kò gbé fóònù mi mọ́: ta ni kí n padà lọ bá?

Aránṣọ Òkè-Fìà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Òrókí. Mo ń ránṣọ ní Òkè-Fìà, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ wa. Ìjáde ọjọ́ Sátidé tí a máa ń pín ìwé ìléwọ́ kọ́ ni mo ní ìṣòro lé lórí. Ìyẹn, a ó pín in tán, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Ti àwọn tí mò ń rí lójoojúmọ́ ló dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́ ni Alhaja tó ń ta léèsì ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ Jésù dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà dá. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi." Mo ní kí n gbàdúrà fún wọn, wọ́n ṣí ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń ṣe àmín kíkankíkan. Nígbà tí mo parí, wọ́n ju omi inú ọ̀rá kan tó tutù sí mi. Títí di òní mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà ni tàbí wọ́n kọ̀.

Èkejì ni ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì ní òdìkejì títì. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní òun fẹ́ gba Jésù. A kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó sunkún gan-an. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò wá. Kò gbé fóònù mi mọ́ látìgbà náà, bó bá sì rí mi lókèèrè, ẹ̀yìn ilé ló máa ń gbà.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Wọn ò fi tiwọn sábẹ́ ahọ́n: "Bí o bá tún dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nínú ilé mi, o ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́."

Ta ni kí n padà lọ bá, ta ni kí n fi sílẹ̀? Olórí ẹgbẹ́ wa sì ń béèrè iye ọkàn tí mo jèrè lóṣù yìí. Kí ni kí n kọ sínú ìwé?

Bàbá Àgbà Ìjọ

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ Olúwa. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rẹ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi jù. Ó kọ̀, ó sì jẹ́ kí o mọ̀ pé òun kọ̀. Bí o bá dé ilé rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i, bá wọn dáná bí wọ́n bá ń dáná, má sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá bi ọ́. Ẹni tó kọ̀ fún ọ lójúkojú kò ṣẹ̀ ọ́.

Ọmọ onírun yẹn ló yẹ ká jókòó tì. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, "mo gbà" tó bá ti yá jù ló sì ń tàn wá jẹ jù. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní wo ojú ẹni tó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ní "rárá, mi ò ṣe." Bí o bá ní kó kúnlẹ̀, á kúnlẹ̀. Bí o bá ní kó máa wí tẹ̀ lé ọ, á wí. Irọ́ kọ́ ló pa, ọ̀wọ̀ ló bù fún ọ. Nígbà tó wá kúrò níwájú rẹ, ó rí i pé òun ti ṣèlérí ohun tí òun ò tíì rò já, ojú tì í. Ohun tó ń sá fún nìyẹn. Bí o bá ń pè é lójoojúmọ́, ńṣe lo máa sọ ara rẹ di agbowó-orí.

Ẹkún yẹn náà, bi í léèrè, àmọ́ má ṣe é bí ẹni ń ṣèwádìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyí ní ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún. Ọ̀gá lè máa na án. Ó lè ti tó fìrídọ̀mù kó má rí owó tí yóò fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ Jésù lè bá a lójú ibi tó ń dùn ún, kó sì jẹ́ pé ibi tó ń dùn ún ló ń sunkún lé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe ohun tí à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyípadà ọkàn.

Ka Máàkù orí 10. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ yẹn sáré wá, òun náà kúnlẹ̀, òun náà béèrè ìyè àìnípẹ̀kun. Bó bá ṣe àwa ni, a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Jésù wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sọ ohun tó máa ná an fún un, ọmọ náà fajú ro, ó lọ. Jésù kò sáré tẹ̀ lé e, kò sì dín in kù fún un.

Ní ti iye tí wọ́n ń béèrè, kọ iye ènìyàn tí o bá sọ̀rọ̀, kí o fi mọ síbẹ̀. Àjàyí Crowther àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún fojú kanra wọn l'Ábẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí ogun ẹrú ti yà wọ́n. Ọmọ tó bí, tó ti sunkún rẹ̀ títí, ló wá di ajíhìnrere tó ń wàásù fún un. Síbẹ̀ ó di 1848 kí ìyá náà tó ṣèrìbọmi. Ta ló lè sọ pé Crowther ò mọ ìwàásù ṣe?

Kẹ̀kẹ́ Old Garage

Èmi ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Old Garage lọ sí Òkè-Báálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn oníwàásù inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, gbogbo èrò á máa ṣe àmín. Bí wọ́n bá máa sọ̀ kalẹ̀, ìjà owó ọkọ̀ dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó yín pé ná kẹ́ ẹ tó fún mi níwèé.

Ọ̀kan ṣoṣo ló wọ̀ mí létí nínú gbogbo wọn. Ìyá kan ni, wọn ò wàásù kankan. Mo ṣìṣe, mo fún wọn ní ṣéńjì tó lé, wọ́n ti rìn jìnnà kí wọ́n tó padà wá dá a fún mi. Èmi ni mo bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ.

Má Fàkókò Ṣòfò

Gbogbo yín ń tutù jù. Mátíù 10:14 kò ṣòro láti kà: ẹni tí kò bá gbà yín, ẹ gbọn eruku ẹsẹ̀ yín sílẹ̀. Alhaja ti gbọ́, ó ti bọ́ lọ́rùn yín. Bàbá yẹn náà ti gbọ́. Ẹ máa lọ síbi tí wọ́n ti ń wá Ọlọ́run. Ní 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù ní Òkè-Oòyè n'Íléṣà níbí, ṣé omi inú ọ̀rá ló ń bá ẹnikẹ́ni mu? Èrò ló ń wọ́ tọ̀ ọ́ wá.

Bàbá Àgbà Ìjọ

Ọmọ mi Má Fàkókò Ṣòfò, iná rẹ dùn mọ́ mi, kó má kú. Ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ẹsẹ 9. Àwọn tí Jésù ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ jẹ́ arìnrìn-àjò, wọn ò gbé wúrà dání, wọn ò mú ẹ̀wù méjì, ilé onílé ni wọ́n máa sùn. Bí ìlú kan bá lé wọn, ọ̀nà ló kù. Aránṣọ wa kò lọ síbì kankan. Eruku Òkè-Fìà kan náà ni òun àti Alhaja jọ ń gbá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Ibo ló fẹ́ gbọ̀n ọ́n sí?

Ti Babalọlá, o bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti àárín. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni nígbà tí ìpè dé bá a ní 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Nígbà tó wọ ìlú rẹ̀, Òdò-Ọwá, pẹ̀lú eérú lára, wèrè ni wọ́n pè é. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, Òkè-Oòyè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e ni.

Tún wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17. Ìwàásù kan náà, ọjọ́ kan náà, ní Áténì: àwọn kan fi Pọ́ọ̀lù ṣẹ̀sín, àwọn kan ní àwọn á tún gbọ́ ọ nígbà mìíràn, àwọn díẹ̀ gbà, a sì mọ orúkọ méjì nínú wọn, Díónísíù àti Dámárì. Mi ò rí i kà níbẹ̀ pé ó gbọn eruku sí ẹnikẹ́ni lára. Ó kúrò láàárín wọn ni, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Kọ́ríńtì.

Ọmọ Jímọ̀, Ọjà Ọba

Àsàlámù àlékúmù, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mùsùlùmí ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí, mo sì rò pé ẹni tí ẹ ń wàásù fún náà yẹ kó lẹ́nu níbẹ̀.

Arábìnrin aránṣọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí Alhaja ṣe ṣe àmín yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni màmá mi máa ṣe é fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣàdúrà rere fún wọn, ì báà jẹ́ aláàfáà, ì báà jẹ́ wòlíì. Ẹni tó ní kí Ọlọ́run ṣí ọjà fún mi, ṣé kí n ní kó má ṣí i ni? Wọn ò gba ẹ̀sìn yín. Inú wọn ò sì bí sí yín, torí omi tútù ò ní wáyé bínú bá ń bí wọn. Ẹ sáà má kọ orúkọ wọn sínú ìwé àwọn tí ẹ jèrè. Bí wọ́n bá gbọ́ ìyẹn lẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ máa bàjẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń mú wa tì ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí "ẹ̀sìn yín ò lè gbé yín dé ọ̀run", kò sí ohun tó máa sọ lẹ́yìn ìyẹn tí mo máa gbọ́. Àwa mọ Ànábì Ísà. Súrà 19 nínú Àlùkùráánì, orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́. Ẹ bi wá léèrè ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ná. Níbi tí a ti yàtọ̀, pé ẹ̀yin ní ọmọ Ọlọ́run ni, pé wọ́n kàn án mọ́gi, àwa sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sọ ọ́ gbangba. A mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ gbà gbọ́ nìyẹn. Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni àwọn tó máa ní "ẹ̀sìn kan náà ni, ọ̀kan náà ni gbogbo wa", wọ́n á jókòó sí pálọ̀ èèyàn, tó bá di ìgbà kẹta wọ́n á yí ohùn padà.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé tún wà níbẹ̀. Ẹ má fi bisikíìtì kó ọmọ ọlọ́mọ jọ lẹ́yìn òbí wọn. Abala 38 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ẹ̀sìn padà àti láti tan ẹ̀sìn rẹ̀ kálẹ̀, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Abala yẹn kan náà ló sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fipá kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwa tí a wà ní Ọ̀ṣun lóṣù kẹfà 2016, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù lọ sílé ìwé, táwọn ọmọ kan ń wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé ìwé ní Ìwó, a mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe máa ń yára gbóná.

Ẹ dákun, ti gbohùngbohùn ìdájí náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ìpè ìrun tiwa náà ń dún. Ó ń dún. Kì í pẹ́, kì í sì í bú ẹnì kankan ládùúgbò.

Súrà 2, ẹsẹ 256, ní kò sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn. Bí èmi náà bá ní kẹ́ ẹ wá sí wàásí wa lọ́jọ́ kan, ṣé ẹ máa gbọ́ mi tán bí Alhaja ṣe gbọ́ yín tán?

Aránṣọ Òkè-Fìà

Ẹ ṣeun, sà. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn mú mi. Màá gbọ́ yín tán. Ṣùgbọ́n omi inú ọ̀rá ni màá fún yín o.

Ọmọ Jímọ̀, Ọjà Ọba

Kó ṣáà ti tutù.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni tèmi. Ẹ̀yin tó ń wá sí wọ́ọ̀dù, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn àti lọ́wọ́ wa kẹ́ ẹ tó la ẹnu. Ẹni tí omi ń kán sínú iṣan rẹ̀ kò lè dìde fi yín sílẹ̀, torí náà "bẹ́ẹ̀ ni" tirẹ̀ ò tíì tó nǹkan. Mo ti lé ẹgbẹ́ kan jáde rí tí wọ́n ń bi ìyá kan pé "bẹ́ ẹ bá kú lálẹ́ òní ńkọ́?" Ọmọ ìjọ tèmi gan-an ni wọ́n.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ̀ lẹ ti ń sọ látàárọ̀. Ẹni tó gbà ńkọ́?

Èmi gbà. Bàbá mi ń kírun, ìyá bàbá mi ń bá wọn lọ sódò Ọ̀ṣun, ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ tí mo jáde síwájú nínú ìjọ kan, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ilé ta ni mò ń gbé, tàbí ta ló ń sanwó ilé ìwé mi. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti rì mí bọmi, ẹnì kan ya fọ́tò, ó gbé e sórí Facebook.

Inú fóònù ọmọ aládùúgbò ni ìyá bàbá mi ti rí i. Mo mọ ohun tó dùn wọ́n. Jésù kọ́ o. Wọ́n ní, "Gbogbo Òṣogbo mọ̀ kí èmi tó mọ̀." Mi ò rí èsì fún wọn. Bàbá mi ò lé mi, ṣùgbọ́n wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ràn mí lọ́wọ́ ní ilé ìwé sì jáwọ́. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé lọ bá ìjọ náà, wọ́n ní kí n máa gbàdúrà.

Nítorí náà, àǹtí aránṣọ, bí ọmọ onírun yẹn bá wá gbà lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ bá mi ṣe é jẹ́jẹ́. Ẹ bi í pé ta ló ń bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀, kódà bó bá gba oṣù mẹ́fà. Kò sí ibi tí Bíbélì ti ní ká ya fọ́tò. Bó bá ní láti kúrò nílé, ẹ ti mọ yàrá tó máa sùn sí kẹ́ ẹ tó fún un ní ìmọ̀ràn akin. Ẹ má sì kó òfin lé e lórí lọ́jọ́ kìíní. Ní tèmi, àwọn kan ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹran Iléyá nílé bàbá mi, àwọn kan ní kò burú, wọ́n ń ka Kọ́ríńtì kìíní síra wọn lórí mi. Mo jẹ ẹ́. Ọdún yẹn ni bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìkíni mi.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹ̀yin tó máa ń gbé gbohùngbohùn lọ sí ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, nígbà tí èrò bá wá láti ilẹ̀ gbogbo wá wo Arugbá, kí lẹ ń wá? UNESCO ti fi igbó yẹn sára ogún àgbáyé láti 2005, ọlọ́pàá kún ibẹ̀. Kò sí ẹni tí èébú yín máa dá padà lọ́nà. Ìyá bàbá mi kan ń gbọ́ ohùn yín ni, wọ́n sì ń bi mí ṣé àwọn ènìyàn mi nìyẹn. Wọn ò tíì gbà, mi ò sì fi í dà wọ́n láàmú. Bí ojú bá ti ń dùn wọ́n lálẹ́, wọ́n á ní kí n wá ka Sáàmù fún àwọn. Wọ́n ní ó dà bí oríkì.

Má Fàkókò Ṣòfò

Ti fọ́tò yẹn, mo gbà. A máa ń ṣe é. Màá bá àwọn tiwa sọ ọ́. Ti Ọ̀ṣun, mi ò tíì gbà o, iṣẹ́ ìkìlọ̀ ni. Ká ṣì máa bá a lọ.

Aránṣọ Òkè-Fìà

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti rí ọmọ náà. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, ọ̀dọ̀ ìyá oníbọ̀ọ̀lì ni a ti pàdé, kò rí ẹ̀yìn ilé kankan sá gbà. Mi ò dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé báwo ni fìrídọ̀mù ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju bọ̀ọ̀lì ọwọ́ ẹ̀ nù. Àṣé ó ti parí ọdún iṣẹ́, ọ̀gá ò dá a sílẹ̀ torí owó ò tíì pé, ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n sì máa ń rí irun dì jù. Ìyá ẹ̀ tó wà ní Ìkìrun ò mọ̀ nípa ìkankan nínú ẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, mi ò tíì mọ̀ bóyá mo gbà á gbọ́ o. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ ni." Mo ní kó máa yà sọ́dọ̀ mi bí wọ́n bá ti ṣíwọ́, ká jọ máa ka Ìhìnrere Máàkù díẹ̀díẹ̀, kó bi mí ní ohunkóhun. Ó ti wá lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè ẹ̀ le ju ti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé ẹnì kan kọ̀, ẹnì kan gbọ́, ẹnì kan ṣì ń rò ó. Olórí wa ní kò sí àyè fún "ń rò ó" nínú fọ́ọ̀mù. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ tún gbà mí nímọ̀ràn kan péré. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi yẹn ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ wọn, èmi ni wọ́n kó aṣọ ẹbí fún láti rán, gbogbo ilé pátá. Ó yà mí lẹ́nu. Ṣé kí n fi ìwé ìléwọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá aṣọ wọn?

Bàbá Àgbà Ìjọ

Rárá o. Ó ti ní kí o má dá a sílẹ̀ mọ́, o sì ti gbọ́. Rán an kó bá wọn lára mu, kí o gbé e fún wọn lọ́jọ́ tí o dá.

Kẹ̀kẹ́ Old Garage

Aránṣọ tí kò yẹ ọjọ́! L'Óṣogbo yìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ìyẹn ná, Bàbá, àwọn fúnra wọn ló máa bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ.